Àgbàlagbà Kì Í Sáré Nínú Ẹ̀gún Lásán

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù, ní Odògbolú)

Nígbà tí akọ̀wé wa wá bá mi pé kí n sọ̀rọ̀ ní oṣù yìí, ohun tí ó rò ni pé ìtàn ìlú ni èmi yóò sọ, tàbí ọ̀rọ̀ èdè wa tí àwọn ọmọ wa ń gbàgbé. Kò burú. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé oṣù tí ó kọjá mo wo yàrá yìí, mo ka àwọn àga tí ó ṣófo, mo sì rántí àwọn tí ń jókòó sí orí wọn ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì pé 70 ọdún nígbà tí a sin wọ́n. A wọ aṣọ ẹbí nítorí wọn, a jẹ, a mu, a sì sọ fún ara wa pé ayé ni ó ṣe wọ́n. Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún akọ̀wé pé ọ̀rọ̀ ara ni èmi yóò sọ: ọ̀rọ̀ ikùn wa, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wa, àti ọ̀rọ̀ èémí wa.

Àwọn baba wa ní àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán; bí kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé e. Bí ẹ bá rí mi ní kùtùkùtù ní ojú ọ̀nà Òkun-Ọwà, tí mo wọ ṣòkòtò péńpé àti bàtà rọ́bà, tí òógùn bò mí, mo mọ̀ pé òwe yìí ni ẹ ń pa lẹ́yìn mi. Ẹ kò ṣìnà. Ejò ni ó ń lé mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ojú kàn án.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí mo jẹ́ ẹni ọdún 58, mo bá ẹgbẹ́ mi lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò sí ẹni tí ó wà níhìn-ín tí kò mọ ọjọ́ náà: ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, a máa jó wá láti bọlá fún Awùjalẹ̀ nínú aṣọ tí wọ́n ti fi oṣù mélòó kan múra sílẹ̀ dè, tí àwọn ìdílé Balógun a sì máa gun ẹṣin. A ti tò. Ìlù dún. Mo gbé ẹsẹ̀ bí ọmọkùnrin. Ijó náà kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́rin tí èémí mi fi gé, àyà mi ń lù kìkìkì, ojú mi sì ṣú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì ni ó dì mí mú ní apá, tí wọ́n mú mi lọ sí abẹ́ àtíbàbà. Wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi, wọ́n ní oòrùn ni. Ọ̀kan ní agbádá náà ni ó wúwo jù. Òótọ́ ni pé agbádá náà wúwo. Ṣùgbọ́n èmi tí mo wà nínú rẹ̀ ni mo wúwo jù ú lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo lọ sí ilé-ìwòsàn. Mo gun ìwọ̀n: 104 kílò, fún ẹni tí kò ga ju mítà 1.70 lọ. Wọ́n wọn ìfúnpá mi: 168 lórí 104, èyí tí í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi kò tíì di àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ó ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. Dókítà náà, ọmọ tí mo lè bí, kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, ‘Bàbá, nígbà wo ni ẹ fi ẹsẹ̀ rìn dé ọjà kẹ́yìn?’ Mo ronú títí, n kò rántí. Bẹ́ẹ̀ ni láti ilé mi dé ọjà kò ju ibi tí ènìyàn lè ké sí ẹlòmíràn kí ó sì dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kan hàn yín tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nílé. Ẹ mú ìwúwo yín ní kílò, ẹ fi gíga yín ní mítà pín in, kí ẹ sì tún fi gíga náà pín èyí tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ohun tí ó jáde bá tó 25, ara ti ń pọ̀ jù. Bí ó bá tó 30, ó ti di ohun tí oníṣègùn ń pè ní àìsàn. Tèmi jẹ́ 36. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ìṣirò, kí ó yá okùn ìwọ̀n aránṣọ, kí ó fi yí ikùn ká: ọkùnrin tí tirẹ̀ bá kọjá 94 sẹ̀ǹtímítà, obìnrin tí tirẹ̀ bá kọjá 80, kí ó mọ̀ pé ejò ti wọ inú oko. Ọ̀rá inú ikùn ni ó burú jù lọ, nítorí pé àárín ẹ̀dọ̀ àti ìfun ni ó ń gbé, ibẹ̀ ni ó sì ti ń da iṣẹ́ ṣúgà àti ti ẹ̀jẹ̀ rú. Èyí ni ohun tí àwa ń fi ẹ̀rín pè ní ikùn olówó.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kò bọ́gbọ́n mu, mo sì ń sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà ṣe é. Mo ra àgbo kan tí wọ́n ní ó ń fọ ọ̀rá kúrò lára. Ìfun mi ni ó fọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sá lọ sí ẹ̀yìn ilé. Mo dín kílò 3 kù, gbogbo rẹ̀ sì padà wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí, nítorí pé omi ni, kì í ṣe ọ̀rá. Lẹ́yìn èyí mo gbọ́ pé eré sísá ni ó dára. Mo jí ní agogo márùn-ún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ oko olóko. Ní ọjọ́ kẹta orúnkún ọ̀tún mi wú, mo sì dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọmọ ọdún 18 ni ó ṣì ń gbé inú orí mi, ṣùgbọ́n orúnkún ẹni ọdún 58 ni ó ní láti gbé e.

Ìgbà náà ni dókítà ní kí n máa rìn. Kí n máa rìn? Mo rò pé ó ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní kí n fi ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀, kí n máa fi díẹ̀ kún un ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n sì rìn ní ìyára tí ènìyàn fi lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò fi lè kọrin. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ní oṣù kẹta mo ti ń rìn fún ìṣẹ́jú 40 láìsinmi.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le. Kì í ṣe ìrìn ni ó le, kì í ṣe ebi pàápàá. Ojú ayé ni. Ní ilẹ̀ wa, bí a bá fẹ́ yin ènìyàn, a ó ní, ‘Ara yín mà dá o, ẹ ti sanra!’ Bí ọkùnrin bá gbé ìyàwó tuntun, tí ìyàwó náà kò sì sanra ní oṣù mẹ́fà, àwọn ẹbí rẹ̀ yóò máa wo ọkọ ní ìwòkuwò. Olóyè tí kò ní ikùn, a ó ní agbádá kò yẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá sì rù, ọ̀nà mẹ́ta péré ni a ní láti túmọ̀ rẹ̀: ìṣẹ́ ti dé bá a, tàbí ó ń ṣe àìsàn tí kò ṣeé dárúkọ, tàbí àwọn ayé ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀. A kò ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ dín ara rẹ̀ kù kí ó lè pẹ́ láyé.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún mo ti dín kílò 7 kù. Ọrùn bùbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ jù mí. Ìyá kan tí ń ta ẹja kúnlẹ̀ níwájú mi ní ọjà, omi lé ojú rẹ̀, ó ní, ‘Bàbá, kí ni ó ń ṣe yín? Ẹ sọ fún wa.’ Àbúrò mi tí ó wà ní Èkó dé ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan láìsọ tẹ́lẹ̀. Kò tíì jókòó tán tí ó fi ti ilẹ̀kùn, tí ó sì bi mí bóyá ohun kan wà tí dókítà sọ tí mo fi ń pa mọ́ fún ẹbí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mí jù ni ti ìyá àwọn ọmọ mi. Àwọn obìnrin ilé ti ń sọ ọ́ láàrin ara wọn pé òun ni kò fún mi ní oúnjẹ mọ́ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó gbé oúnjẹ wá, ẹ̀bà náà ga bí òkìtì ọ̀gán. Mo wò ó, mo wò ó. Ó ní, ‘Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ ẹ́. Kì í ṣe nítorí yín. Nítorí èmi ni.’ N kò lè bá a wí. Mo jẹ ìdajì rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pè é, àwa méjèèjì sì rìn lójú gbogbo ìlú lọ sí ọjà, a kí àwọn ènìyàn, a padà. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń bá mi rìn, ó sì ń yára jù mí lọ ní òkè.

Ẹ̀yin Olóyè, ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ọ́ láìfi bò: ìtìjú yìí ń pa wá ju iyọ̀ lọ. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, n kò ní í dárúkọ rẹ̀, tí ó ti ń rìn kí èmi tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ti rù, ó fi ìrìn sílẹ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ sanra padà láti fi dá wọn lóhùn. Kí ọdún tó yí po, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ó wà láàyè, a dúpẹ́. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń jẹun báyìí, àwọn tí ó ní ó ti rù ni ó sì ń wá kí i, tí wọ́n ń sọ fún un pé ara rẹ̀ dá.

Àwọn kan lè ní àṣà òyìnbó ni eré ìdárayá, pé àwọn baba ńlá wa kò ṣe é. Lóòótọ́ wọn kò dárúkọ rẹ̀, nítorí pé inú iṣẹ́ wọn ni ó wà. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn dé oko, tí ó kọ ebè títí oòrùn fi kan àtàrí, tí ó ru iṣu bọ̀ wálé, kí ni ó tún kù tí yóò wá sá kiri fún? Àwọn ìyá wa ru ẹrù láti ọjà Èjìnrìn ní etí ọ̀sà wọ inú ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn oníṣòwò wa sì ń fi ẹsẹ̀ ná ọ̀nà Ìbàdàn kí ọkọ̀ tó dé. Àwọn ọ̀dọ́ ń ja ìjàkadì ní òṣùpá. Àwa ni a jókòó. A jókòó sí ọ́fíìsì, a jókòó sí ọkọ̀, a jókòó sí ìpàdé, a sì jókòó sí òde ayẹyẹ láti agogo méjìlá títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí ó bá di pé kí a lọ sí òpin àdúgbò, a ó pe ọlọ́kadà. Oúnjẹ tí baba fi ń kọ ebè ni àwa ọmọ fi ń jókòó.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà, kò sì jìnnà sí wa. Ní àárín ọdún 1990 sí 1999, àwọn oníṣègùn láti Ìbàdàn àti láti ẹ̀bá Chicago ní Amẹ́ríkà pawọ́ pọ̀ láti wọn ìfúnpá àwọn ènìyàn dúdú tí ó ju 10,000 lọ. Igbó-Ọrà, ìlú àwọn ìbejì, ni wọ́n mú ní ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n mú àwọn ará Kamẹrúùnù, wọ́n mú àwọn ará Jàmáíkà, Barbados àti St. Lucia, wọ́n sì mú àwọn ọmọ ìran wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ ìwé náà, èyí tí ó jáde ní 1997, ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Oṣótimẹ́hìn, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn wa, tí ó padà di olórí àjọ UNFPA ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Nínú 100 àgbàlagbà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 16 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Ìran kan náà ni. Bí ènìyàn ti ń kúrò ní oko bọ́ sí ìlú ńlá, tí ó ń sanra, tí iyọ̀ oúnjẹ rẹ̀ ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Nítorí náà kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ àwọn baba wa ni àìsàn yìí ti wá bá wa nìkan, bí a ti máa ń wí láti fi tu ara wa nínú. Àwa náà ti ń ṣí kúrò ní oko, bí a kò tilẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ jẹ́ kí n tún mú yín dé Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà kan tí ń jẹ́ Jerry Morris wo àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Dírẹ́bà a máa jókòó láti ìgbà tí ó bá gba iṣẹ́ títí di ìgbà tí yóò fi sílẹ̀. Kọ́ńdọ́ a máa gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè, a máa sọ̀ kalẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Ilé-iṣẹ́ kan náà, ọkọ̀ kan náà. Síbẹ̀, nígbà tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1953, ó hàn pé àìsàn ọkàn ń mú àwọn dírẹ́bà ju àwọn kọ́ńdọ́ lọ. Ní 1956 wọ́n tilẹ̀ lọ wo ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ tí a ń rán fún wọn: ti dírẹ́bà ni ó fẹ̀ jù ní ìgbànú. Morris fúnra rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí inú ìwé. Ẹni ọdún 99 ni ó jẹ́ nígbà tí ó kú ní 2009. Nígbàkígbà tí mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, n kì í lè ṣàìwo ikùn dírẹ́bà kí n sì wo ti kọ́ńdọ́.

Ẹnìkan yóò wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, ‘Ó ti pẹ́ jù fún mi.’ Èmi náà wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, nínú iṣẹ́ kan tí a tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002, wọ́n kó 3,234 ènìyàn jọ tí ṣúgà wọn dúró sí ẹnu ọ̀nà bí tèmi. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn. Àwọn mìíràn ni wọ́n kọ́ láti dín ìdá 7 nínú 100 ìwúwo wọn kù, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 ní ọ̀sẹ̀. Oògùn náà dín iye àwọn tí àtọ̀gbẹ mú kù ní ìdá 31 nínú 100. Ìrìn àti oúnjẹ dín in kù ní ìdá 58. Láàrin àwọn tí ó ti lé ní 60 ọdún, ẹ gbọ́ o, ó dín in kù ní ìdá 71! Àwọn àgbà ni ó jèrè jù. Ìdá 7 náà, nínú 104 kílò mi, kò ju kílò 7 àti díẹ̀ lọ. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ lè yí ọ̀nà padà.

Ohun kan wà tí n kò mọ̀ rárá kí ejò tó lé mi. Mo rò pé ọ̀rá nìkan ni ìjà wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 30 ni iṣan ara ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn 60; ẹni tí ó bá wá fi ebi nìkan dín ara kù, iṣan rẹ̀ ni yóò bá ọ̀rá lọ, yóò sì di ẹni tí ń gbọ̀n lórí ẹsẹ̀. A ní láti máa fún iṣan ní iṣẹ́. Ní Boston ní 1990, wọ́n kó àwọn arúgbó 10 tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 86 sí 96 jọ ní ilé ìtọ́jú, wọ́n sì ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ìwọ̀n tí ó wúwo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, agbára ẹsẹ̀ wọn ti súnmọ́ ìlọ́po mẹ́ta ti àtẹ̀yìnwá. Ẹni ọdún 90! Kí ni àwíjàre ẹni ọdún 60?

Kò sí ìdí láti ra irin. Mo máa ń jókòó sí orí àga onígi, mo ń dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan, ní ìgbà 10, mo sinmi, mo tún ṣe é. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, mẹ́ta ni mo lè ṣe. Mo ń gbé garawa omi méjì tí kò kún láti ẹ̀yìn ilé. Lẹ́yìn náà ni ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìdọ̀bálẹ̀ gidi, tí àyà kàn ilẹ̀, tí a fi ọwọ́ méjèèjì ti ara dìde, eré ìdárayá tí ó pé ni, àwọn baba wa sì ń ṣe é lójoojúmọ́ fún ọba àti fún àgbà láìmọ iye ìgbà. Lónìí, ẹ wo bí àwa ti ń kí ọba: a ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, a ó fi ìka kan ilẹ̀, a ó sì wá ẹni tí yóò fà wá dìde. Ẹlòmíràn nínú wa, ikùn rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ kí Kábíyèsí kí òun fúnra rẹ̀ tó dé ilẹ̀. Èmi ti ń ṣe ìdọ̀bálẹ̀ 12 ní àárọ̀ nínú yàrá mi, níbi tí ọba kankan kò sí. (Àwọn Mùsùlùmí inú wa tí wọ́n ti ń jókòó sórí àga kírun yóò mọ ohun tí mo ń wí.)

Ní ti oúnjẹ, n kò ní í pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n tí a kò sì fẹ́ gbọ́ ọ. Ìrìn wákàtí kan kò lè san gbèsè àwo ẹ̀bà ńlá kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín ara kù ní láti dín òkèlè kù, ìrìn ni kò ní í jẹ́ kí èyí tí ó lọ padà. N kò fi gààrí Ìjẹ̀bú sílẹ̀, n kò sì fi ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀. Ọmọ wo ni yóò kọ ìyá rẹ̀? Mo dín ẹ̀bà náà kù di ìwọ̀n ìkúùkù mi, mo fi ẹ̀fọ́ àti ẹja kún àwo náà kí ojú má baà rí i bí ìyà, mo dín epo ìkọ́kọrẹ́ kù, mo sì ń jẹun alẹ́ kí agogo méje tó lù. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mo fi sílẹ̀ pátápátá: ìgò ńlá kan ṣoṣo ní ṣúgà tí ó tó kóró mẹ́wàá nínú, ta ni nínú wa tí yóò sì ka kóró ṣúgà mẹ́wàá sínú ife omi kan kí ó mu ún? Ibi tí ó ti ṣòro ni òde ìsìnkú. Ní oṣù Kejìlá ọdún tí ó kọjá, òde mẹ́sàn-án ni mo lọ, kílò 4 sì padà sí mi lára. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Oṣù mẹ́rin ni mo fi lé e jáde.

Ibi tí mo dé nìyí. Kílò 90 ni mo jẹ́ lónìí. Ìṣirò tí mo fi hàn yín ń pè mí ní 31, nítorí náà n kò tíì bọ́. Ìfúnpá mi jẹ́ 134 lórí 84, pẹ̀lú hóró oògùn kan lójúmọ́ dípò méjì. Ẹ má ṣe fi oògùn yín sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ mi, dókítà ni ó dín tèmi kù. Ṣúgà ti padà kúrò ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí àyà bá ń dùn nígbà tí ó bá ń rìn, tàbí tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kí ó kọ́kọ́ rí oníṣègùn kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ṣúgà lè lọ sílẹ̀ lójijì lójú ọ̀nà.

Bí àwọn ọmọ yín bá sì ń sọ fún yín pé fóònù ní dandan ni 10,000 ìṣísẹ̀ lójúmọ́, ẹ má bẹ̀rù. Láti ara ẹ̀rọ kan tí wọ́n tà ní Japan ní 1965 ni iye náà ti wá. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ìyá àgbà ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní 2019, àwọn tí ń rìn tó 4,400 kú díẹ̀ ju àwọn tí ń rìn 2,700 lọ dáadáa, èrè rẹ̀ sì ń pọ̀ títí dé nǹkan bí 7,500. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ sílẹ̀ ní 2020 ni ìṣẹ́jú 150 sí 300 ní ọ̀sẹ̀, àti iṣẹ́ iṣan ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ìṣẹ́jú 150 kò tó àkókò tí a fi ń dúró de oúnjẹ ní òde ayẹyẹ kan.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹnì kan ṣoṣo tí ń rìn, ìlú yóò ní ó ń ṣàìsàn. Ogún ènìyàn tí ń rìn pọ̀, ìlú yóò bèèrè bí òun náà yóò ti ṣe wọ inú ẹgbẹ́ náà. Olóògbé Tai Solarin, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tí ó dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní 1956, dá wọ ṣòkòtò péńpé láàrin wa títí ó fi darúgbó, a sì fi í rẹ́rìn-ín títí. Olóyè Ọbásanjọ́ ti Abẹ́òkúta, tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé òun ní àtọ̀gbẹ láti ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì ti lé ní 80, kò fi bọ́ọ̀lù squash tí ó ń gbá pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwa Ìjẹ̀bú ní ohun tí ó dára ju akọni kan lọ: a ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. A ti to ara wa ní ọjọ́ orí, a mọ ẹni tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ ẹni, a ń dá owó, a ń ra aṣọ kan náà, kò sì sí ẹni tí ojú ń tì láti ṣe ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Kí ni ó dé tí a fi ń pàdé láti jẹun nìkan?

Nítorí náà èmi àti àwọn mẹ́rin mìíràn yóò pàdé ní Sátidé tí ń bọ̀ ní agogo mẹ́fà àárọ̀, níwájú gbọ̀ngàn yìí, a ó sì rìn dé ibi tí ọ̀nà Òkun-Ọwà ti yà, kí a tó padà. Ẹni tí kò bá lè dé ibẹ̀, kí ó yí padà ní ibi tí ó bá lè dé. Ẹnìkan yóò bá a padà. Ẹ wọ bàtà tí kò ní gìgísẹ̀. Mo ti ra ìwọ̀n kan, yóò wà ní yàrá akọ̀wé, lẹ́yìn aṣọ títa, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ti ẹlòmíràn. Ẹ̀yin Olóyè, bí ẹ bá máa wá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dé fìlà oyè yín, kí àwọn tí ó bá rí wa lójú ọ̀nà lè mọ àwọn tí ó ń rìn.